Ìrìn-Àjò Gígùn Lójú Òfurufú àti Ara Ènìyàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó kí ẹ tó pè é ní ìrìn-àjò gígùn?

Ohun tó bá ti lé ní oṣù kan la kà sí gígùn níbí. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ISS, ibùdó òfurufú àgbáyé, máa ń lò. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2000, kò tíì sí ọjọ́ kan tí èèyàn ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó tíì pẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Valeri Polyakov, dókítà ará Rọ́ṣíà, tó lo ọjọ́ 437 láti oṣù kìíní ọdún 1994 sí oṣù kẹta ọdún 1995, nínú ibùdó Mir. Frank Rubio, ará Amẹ́ríkà, lo ọjọ́ 371 láàárín 2022 sí 2023. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, àmọ́ ọkọ̀ Soyuz tó gbé e lọ jò, omi tó ń mú un tutù dà nù, ó sì di dandan kó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Tí a bá ro gbogbo ìrìn-àjò ẹnì kan pọ̀, Oleg Kononenko ló wà níwájú: ó ti lé ní ọjọ́ 1,100.

Ṣé torí pé òòfà ilẹ̀ kò dé ọ̀hún ni wọ́n ṣe ń léfòó?

Rárá. Níbi tí ISS wà, nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè, òòfà ilẹ̀ ṣì tó nǹkan bí 90% ti orí ilẹ̀. Ibùdó náà ń já bọ́ ni, nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n eré tó ń sá, bíi kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan, mú kó máa já bọ́ yí ayé po láìbalẹ̀. Èèyàn, ògiri, àti ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jọ ń já bọ́ pọ̀, kò sì sí èyí tó ń tẹ èkejì. Ẹ rántí bí inú ṣe máa ń ṣí nígbà tí mọ́tò bá ṣàdédé já wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ṣe ń rí fún oṣù mẹ́fà.

Ohun tó kan ara nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ẹrù mọ́. Ìbàdí ò ru igbáàyà, ẹsẹ̀ ò ru ìbàdí. Ara sì ní ìwà kan: ohun tí kò bá lò, kì í fi owó ṣètọ́jú rẹ̀.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe wọ́n?

Èébì. Nínú ẹni mẹ́wàá, mẹ́fà sí mẹ́jọ ni òòyì máa ń kọ́ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Inú etí lọ́hùn-ún ni àwọn hóró wínníwínní kan wà tó ń fi wíwúwo wọn sọ fún ọpọlọ ibi tí ilẹ̀ wà. Lókè, wọn ò wúwo mọ́. Ojú ń sọ pé ilé ti dorí kodò, etí ò mọ ohun tó máa sọ, ọpọlọ á sì dàrú. Ẹni tó bá le fún, abẹ́rẹ́ promethazine ni wọ́n máa ń gún fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kunni lóorun.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í yan iṣẹ́ ìta ọkọ̀ sí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Èébì inú àṣíborí aṣọ òfurufú kò ní ibi tó máa ṣàn sí, iwájú imú àti ẹnu ni yóò dúró sí, ó sì lè fún èèyàn pa. Kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tó máa bì látilẹ̀: awakọ̀ òfurufú ológun tí ohunkóhun ò rí gbé ṣe nílẹ̀ lè lọ bì lókè, kí ẹni tí mọ́tò máa ń kọ lójú má sì bì rárá.

Kí ló dé tí ojú wọn máa ń wú, tí ẹsẹ̀ wọn á sì tín-ín-rín?

Nílẹ̀, òòfà ń fa omi ara sísàlẹ̀, ọkàn àti iṣan ẹsẹ̀ sì ń tì í padà sókè. Lókè, èyí tó ń fà dákẹ́, èyí tó ń tì kò dákẹ́. Omi tó lè tó lítà kan sí méjì á ṣí kúrò lẹ́sẹ̀ lọ sí àyà àti orí. Ojú á wú, imú á dí bíi ti ẹni tó lọ́fìnkìn, ẹsẹ̀ á wá rí ṣẹẹrẹ; àwọn fúnra wọn ń pè é ní ẹsẹ̀ ẹyẹ. Nítorí imú dídí, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu dáadáa, ata sì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń béèrè. Ọmọ Yorùbá ò ní ṣe àjèjì níbẹ̀.

Ara á rí omi tó rọ́ wá sí àyà, á gbà pé omi ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi inú ẹ̀jẹ̀ á ti fi nǹkan bí 10 sí 15% dín. Lókè, èyí ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá balẹ̀ ló máa ń di wàhálà.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ga sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè tó 3%. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180 lè fi nǹkan bíi 5 ga sí i, nítorí pé àwọn pádì rírọ̀ àárín eegun ẹ̀yìn ti wú. Ẹ̀yìn máa ń dun ọ̀pọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kíká eékún mọ́ àyà ló ń dẹ̀ ẹ́. Nínú Soyuz, ìjókòó tí wọ́n fi ìrísí ẹ̀yìn oníkálukú mọ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti ní láti fi àyè sílẹ̀ níbi orí látilẹ̀ fún gíga tó ń bọ̀.

Gíga yẹn kì í dúró tí wọ́n bá délé. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún ni pé, ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpadàbọ̀, pádì ẹ̀yìn tètè ń yọ kúrò láyè rẹ̀. Ẹrù wúwo kì í ṣe ti ìgbà yẹn.

Báwo ni eegun ṣe ń dín kù?

Eegun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó o, tí àwọn mìíràn ń tún un kọ́. Ẹrù tí eegun ń rù ló ń pe àwọn tó ń kọ́ ọ sẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí ẹrù ò sí, àwọn tó ń wó ò ṣíwọ́, àwọn tó ń kọ́ ń sùn. Eegun ìbàdí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀ máa ń fi 1 sí 1.5% dín lóṣù kan, ohun tí àgbàlagbà nílẹ̀ máa ń pàdánù ní bí ọdún kan. Ìbàdí, itan àti ojúgun ló ń jìyà jù. Eegun apá kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, torí kò rù wá rí.

Kálísíọ̀mù tó tú kúrò lára eegun á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á gba inú kíndìnrín kọjá sínú ìtọ̀, ó sì lè di òkúta níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń tẹnu mọ́ omi mímu gan-an, àwọn kan sì máa ń lo potassium citrate. Vitamin D náà wà nínú ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, IU 800, nítorí pé oòrùn ò kàn wọ́n lára.

Ṣé ó máa ń padà? Díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 17 fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dé. Eegun ojúgun ẹni mẹ́sàn-án ò tíì padà sí bó ṣe wà, àwọn tó sì lò ju oṣù mẹ́fà lọ lókè ló wà lẹ́yìn jù. Ìdí rẹ̀ ni pé inú eegun dà bí òrùlé tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀. Pákó tó tín-ín-rín lè tún sanra. Èyí tó ti já pátápátá kì í sábà so padà.

Eré ìdárayá wo gan-an ni wọ́n ń ṣe?

Wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ lójúmọ́, títí kan àkókò tí wọ́n fi ń to ẹ̀rọ àti èyí tí wọ́n fi ń nu ara. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lápá ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ìsáré: wọ́n á gbé bẹ́líìtì kọ́ èjìká àti ìbàdí, okùn rọ́bà á sì fà wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, torí láìsí ìyẹn, ìgbésẹ̀ kan péré á ti gbé wọn fò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, okùn yẹn kì í fà tó ìwọ̀n ara wọn nílẹ̀. Wọ́n ń fi kún un bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Bẹ́líìtì yìí máa ń bó èjìká. Ìkejì ni kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjókòó, bàtà nìkan ló so èèyàn mọ́ ọn.

Ìkẹta ni ARED, òun sì ni ọ̀gá. Irin wíwúwo ò wúlò níbi tí nǹkan kan ò ti wúwo, nítorí náà sílíńdà méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú wọn ló ń fa ọ̀pá padà bí èèyàn ti ń gbé e, títí dé kìlógíráàmù 272. Wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ dìde, wọ́n fi ń gbé ọ̀pá láti ilẹ̀, wọ́n fi ń gbé gìgísẹ̀ sókè. Ìparí ọdún 2008 ló dé ISS. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ò lè kọjá ìdajì ìwọ̀n yẹn, eegun àwọn tó lò ó sì dín ju ti àwọn tó lo ARED lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé sísáré nìkan ń gba ọkàn là, kò gba eegun là. Eegun ń fẹ́ ẹrù tó wúwo.

Òógùn kì í kán sílẹ̀ o. Á lẹ̀ mọ́ awọ ara bí omi tó nípọn, á máa gbọ̀n bí jẹ́lì, á sì máa fẹ̀ títí wọ́n fi máa fi táwẹ́ẹ̀lì gbá a mú. Táwẹ́ẹ̀lì yẹn á gbẹ, ẹ̀rọ á gba omi rẹ̀ látinú afẹ́fẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di mímọ́, wọ́n á sì mu ún.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé eré ìdárayá ń ṣe nǹkan kan, kó wo ìyàtọ̀ yìí. Ní 1970, ọjọ́ 18 péré ni àwọn ará Soviet méjì, Nikolayev àti Sevastyanov, lò nínú ọkọ̀ Soyuz 9, gbígbé ni wọ́n gbé wọn jáde. Polyakov lo ọjọ́ 437, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹnu ọkọ̀ dé ibi àga.

Oògùn kan ò sí tó lè rọ́pò gbogbo wàhálà yẹn ni?

Rírọ́pò, rárá. Wọ́n ti dán alendronate wò lórí ISS, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí eegun wọn ti ń tán, miligíráàmù 70 lọ́sẹ̀ kan. Pẹ̀lú eré ìdárayá, ó dín àdánù eegun kù gan-an, ó sì dín kálísíọ̀mù inú ìtọ̀ kù. Kò ṣe nǹkan kan fún iṣan, ọkàn tàbí ojú.

Kí ló ń ṣe ojú wọn?

Lójú tiwa, èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, torí eré ìdárayá ò ràn án. Orí iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ máa ń wú, ẹ̀yìn ẹyinjú á tẹ́, ìwé tó wà nítòsí á sì máa ṣú lójú. NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ń pè é ní SANS. Ó lé ní ìdajì àwọn tó ṣe ìrìn-àjò gígùn tí wọ́n ti rí àmì kan tàbí òmíràn rẹ̀ lára wọn. Wọ́n máa ń kó awò ojú tó ju oríṣi kan lọ dání nítorí ojú tó lè yí padà lọ́nà.

Omi tó ṣí lọ sí orí ni wọ́n ń fura sí jù. Nílẹ̀, tí a bá sùn, omi á lọ sí orí, tí a bá dìde, á sọ̀ kalẹ̀. Lókè, kò sí ìdìde. Wọ́n ti dán ṣòkòtò àwọn ará Rọ́ṣíà kan wò, Chibis, tó ń fi afẹ́fẹ́ fífà fa omi padà sísàlẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fọ́jú. Àmọ́ àwọn kan wà tí ojú wọn ò padà sí ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń lo awò títí.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Nílẹ̀, ara wa ń pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń ṣe tuntun dípò wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára èèyàn 14, tó jáde ní 2022, fi hàn pé mílíọ̀nù 3 ni lókè, fún gbogbo oṣù mẹ́fà tí wọ́n lò. Wọn kì í mọ̀ ọ́n lára títí wọ́n á fi délé. Nígbà náà ni àárẹ̀ á mú wọn.

Ti ẹ̀jẹ̀ dídì ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Wọ́n ń ya àwòrán ọrùn àwọn kan fún ìwádìí lórí ISS ni wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹnì kan tí nǹkan kan ò dùn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2020, láìdárúkọ ẹni náà. Abẹ́rẹ́ enoxaparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó wà lókè ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún, wọ́n ń ṣọ́ ọ lò, títí ọkọ̀ ẹrù fi gbé apixaban oníhóró, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, dé. Fífa oògùn sínú abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú ìgò kì í lọ sókè kí oògùn dúró nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì á dà pọ̀ mọ́ra ni.

Ṣé òótọ́ ni pé awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń bó?

Òótọ́ ni. Awọ líle tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ò wúlò mọ́, á máa ṣí kúrò, wọ́n sì máa ń rọra bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kó má baà fò káàkiri. Òkè ẹsẹ̀ ló máa ń le dípò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ irin láti dúró lójú kan.

Ṣé wọ́n ń rí oorun sùn?

Kò tó. Wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ ló wà nínú ètò, nǹkan bíi mẹ́fà ni wọ́n ń sùn ní ti gidi, ọ̀pọ̀ sì ń lo oògùn oorun. Oòrùn ń yọ nígbà 16 lójúmọ́ níbẹ̀. Inú àpò tí wọ́n so mọ́ ògiri ni wọ́n ń sùn, fáànù sì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí wọn lójú: láìsí i, èémí tí wọ́n mí jáde ò ní kúrò níwájú imú, òun náà ni wọ́n á tún mí sínú, orí á sì máa fọ́ wọn.

Tí àìsàn òjijì bá kọ lù ẹnì kan ńkọ́?

Ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dókítà, dókítà ilẹ̀ á sì máa darí ọwọ́ rẹ̀. Tí ọkàn ẹnì kan bá dúró, títẹ àyà rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ á kàn ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ni. Wọ́n á de aláìsàn mọ́ pákó, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á dorí kodò, á gbé ọwọ́ lé àyà, á sì fi ẹsẹ̀ ti ògiri òdìkejì. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà gbogbo, láti gbé wọn sá délé.

Ìtànṣán olóró tó ń bẹ níbẹ̀ pọ̀ tó báwo?

Millisievert ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nílẹ̀, nǹkan bíi 2.4 ló ń kan ẹnì kan lọ́dún láti ara ilẹ̀ àti ojú ọ̀run. Oṣù mẹ́fà lórí ISS máa ń tó 80 sí 160. Láti 2022, NASA fi 600 ṣe òpin fún gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ ẹnì kan, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ewu jẹjẹrẹ àti ti ojú tó ń di funfun ló wà níwájú. Àwọn kan máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà nígbà tí wọ́n bá dijú: ìtànṣán tó ń gba inú ojú kọjá ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ìdí tí wọn ò fi lo òjé bíi ti yàrá X-ray. Àwọn ègé tó ń bọ̀ láti òfurufú jíjìn ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá lu irin wíwúwo, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn á sì tún máa ta bá èèyàn. Omi àti ike sàn ju òjé lọ níbẹ̀.

Wọ́n ní Scott Kelly àti ìkejì rẹ̀ kì í ṣe ìbejì mọ́ nígbà tó dé. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Scott, ará Amẹ́ríkà tó ń rìnrìn-àjò òfurufú fún NASA, lo ọjọ́ 340 lókè láàárín 2015 sí 2016, Mark ìbejì rẹ̀, tí wọ́n jọ ti ara ẹyin kan wá, wà nílẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n wéra. 7% tí àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri ní 2018, pé àbùdá Scott fi bẹ́ẹ̀ yí padà, kì í ṣe ti àbùdá fúnra rẹ̀. Bí àwọn àbùdá kan ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yí padà, èyí tó pọ̀ jù sì padà sípò. 7% yẹn ni ò tíì padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìlù kan náà ni, ọwọ́ tí wọ́n fi ń lù ú ló yàtọ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu nínú èsì ọdún 2019 ni pé ìdérí tó wà létí okùn àbùdá, tó máa ń kúrú bí a ti ń dàgbà, gùn sí i lókè. Kò tíì pẹ́ tó balẹ̀ tó tún kúrú, àwọn mìíràn kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ má kàn fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ayé: Táyéwò kan àti Kẹ́hìndé kan ni.

Owolabi Salis tó lọ ní 2025 ńkọ́?

Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà yìí bá New Shepard, ọkọ̀ òfurufú ilé-iṣẹ́ Blue Origin, lọ. Gbogbo ìrìn-àjò náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìgbà tí ara fi fúyẹ́ sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí ní àyíká rẹ̀. Eegun ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń bá ara wí nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni títẹ̀ tí ọkọ̀ ń tẹ àyà mọ́ ìjókòó ní àlọ àti ní àbọ̀.

Báwo ni ìpadàbọ̀ ṣe ń rí?

Kí wọ́n tó balẹ̀, wọ́n á mu omi àti iyọ̀ oníhóró láti fi kún omi ẹ̀jẹ̀ tó dín, wọ́n á sì wọ ṣòkòtò tó fún ẹsẹ̀ àti ikùn pinpin. Ní àbọ̀, ìwúwo ara á di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí pápá Kazakhstan, níbi tí Soyuz ń balẹ̀ sí, wọ́n á gbé wọn jókòó sórí àga. Kì í ṣe àṣehàn. Ẹni tó bá dìde wéré, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sẹ́sẹ̀, ojú á ṣú u. Ẹni tó bá yí orí, ayé á yí pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kó má bẹ̀rẹ̀ mú ohun tó bá já bọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 45 ti àtúnkọ́, wákàtí méjì lójúmọ́. Òòyì máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan lè gba oṣù kan sí méjì, ti eegun la ti sọ. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wakọ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣé a lè ṣe irú ìwádìí yìí láìkúrò nílẹ̀?

Apá kan. Ní Cologne, ní Jámánì, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 60 lórí ibùsùn tí ibi orí fi digíríì 6 rẹlẹ̀ ju ibi ẹsẹ̀ lọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ dìde rárá, ì báà ṣe láti jẹun, láti wẹ̀ tàbí láti tọ̀. Eegun, iṣan àti omi ara á ṣe bíi ti òfurufú. Kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀, òòfà sì ṣì ń tẹ̀ wọ́n láti àyà lọ sí ẹ̀yìn.

Ṣé ara lè gba ìrìn-àjò lọ sí Mars?

Ìrìn-àjò oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni àlọ nìkan, gbogbo rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rọ tó wà nínú Curiosity, ọkọ̀ tí kò ní èèyàn nínú tí NASA rán lọ sí Mars, wọn ìtànṣán lọ́nà ní 2011 sí 2012: nǹkan bíi millisievert 1.8 lójúmọ́. Àlọ àti àbọ̀ nìkan á jẹ́ bíi 660, ìyẹn ti kọjá òpin NASA láìtíì ka ọjọ́ tí wọ́n máa lò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá dókítà sọ lè lo ogún ìṣẹ́jú kó tó dé ilẹ̀, kó tún lo ogún kó tó padà.

Òòfà Mars jẹ́ 38% ti ayé. Níbi tí òòfà ò tó tiwa, ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo 17 lọ lò lórí òṣùpá ló tíì gùn jù, ìyẹn ò sì tó láti fi mọ ohun tí eegun máa ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n bá balẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé àga wá. Ẹni tí òòyì ń kọ́ ni yóò wọ aṣọ fúnra rẹ̀, tí yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò sì jáde lọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àyè náà tún wà. ARED tóbi, inú ọkọ̀ tó ń lọ jìnnà ò lè gbà á. Nínú Orion, ọkọ̀ tí NASA kọ́ fún òṣùpá, ẹ̀rọ eré ìdárayá tó wà níbẹ̀ kò ju báàgì tí à ń gbé wọ ọkọ̀ òfurufú lọ: àgbá kan tó ń yí, okùn kan tí wọ́n ń fà. Fún ọjọ́ mẹ́wàá lọ sí òṣùpá, ó tó.